Yẹtí Ìyá Wa àti Ọ̀run Tí Àjọkẹ́ Lọ

Àjọkẹ́ Ọmọ́táyọ̀ Kọ́ńfọ́ọ̀tì, ọmọ Sámúẹ́lì akọ̀wé, ọmọ Dúpẹ́ a-rẹ́rìn-ín-kó-tó-sọ̀rọ̀. Àjọkẹ́ ọmọ a-hunṣọ-bo-ará-ilé kó tó hun tara rẹ̀. Ọmọ òwú tí ń là lóko tí gbogbo àgbàlá ń funfun. Ọmọ Iyere, ọmọ Ọ̀ghọ̀ tí wọ́n ń pè ní Ọ̀wọ̀, ọmọ a-gúnyán-kí-àlejò-tó-bọ́-bàtà. Arẹwà tó pupa bí epo tuntun, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í gún ni, oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ kì í tán nínú ìkòkò. Ẹni tó kú lẹ́ẹ̀kan tó padà wá bá wa jẹun. Sùn un re, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi Títílayọ̀ àbúrò rẹ ni mò ń kì ọ́, mi ò sì mọ̀ ọ́n kì bí Ìyá Àgbà ṣe mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ti lọ, gbogbo àwọn tó mọ̀ ọ́n kì ti lọ, èmi ló kù.

Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò ni ọ̀rọ̀ tí Fúnmi, ọmọ rẹ̀ obìnrin, bá mi sọ ní ọjọ́ kejì tí ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́. Ó wá bá mi nínú yàrá mi ní Ọ̀wọ̀, ojú rẹ̀ wú, ó jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì tan fóònù rẹ̀. Ohùn Àjọkẹ́ ló jáde níbẹ̀. Ó ń jẹ́rìí nínú ṣọ́ọ̀ṣì Fúnmi, bí òun ṣe kú nígbà tí òun wà lọ́mọdé, bí áńgẹ́lì méjì ṣe di òun lọ́wọ́ mú gba ojú títì wúrà kọjá, bí ẹnubodè ibẹ̀ ṣe ń kọ mànà. Àwọn èèyàn ń ṣe ‘Halelúyà’ lábẹ́ ohùn rẹ̀. Nígbà tó tán, Fúnmi ní, “Àǹtí Títí, pásítọ̀ ní ẹ̀yin nìkan lẹ kù láyé tí ẹ wà nílé nígbà tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n fẹ́ ká fi ohùn yìí sí sípíkà ní ọjọ́ ìsìnkú, kí ẹ wá dìde kí ẹ sọ pé òótọ́ ni. Gbólóhùn kan péré, mà.” Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Ó wò mí bí ẹni tí mo gbá létí. “Kí lẹ fẹ́ rò níbẹ̀? Àbí kì í ṣe òótọ́ ni?” Tí mo bá ní òótọ́ ni, mo ti jẹ́rìí sí wúrà tí mi ò gbọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó sọ ọ́. Tí mo bá ní irọ́ ni, mo ti sọ ọ́ di òpùrọ́ níwájú pósí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀ tó kan èmi fúnra mi: mo ti darúgbó, àwọn tí mo fẹ́ràn tó wà lọ́hùn-ún ti pọ̀ ju àwọn tó kù níhìn-ín lọ, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀ tí yóò mọ̀ mí bí mo bá dé. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ibi tí mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe ilé ìwé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Iyere ni, ní ọdún tó tẹ̀lé ọdún tí ìyá wa kú.

Ilé alámọ̀ ni ilé wa, páànù ló wà lórí rẹ̀, òjò tó bá kọ́kọ́ rọ̀ sí i lọ́dún máa ń dún bí ẹni da àgbàdo sínú agbada. Òfì Ìyá Àgbà dúró ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, irú èyí tí obìnrin ń jókòó sílẹ̀ hun, tí aṣọ náà ń gòkè díẹ̀díẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹni ń mọ ògiri. Ìyá Àgbà ló bí bàbá wa. Ìró òfì wọn ni a fi ń mọ irú ọjọ́ tó mọ́ wa. Bí ó bá ń dún gbà, gbà, gbà, tí ó tẹ̀lé ara wọn, a mọ̀ pé inú wọn dùn, a lè béèrè nǹkan. Bí ó bá ń dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọmọdé yáa gbé korobá lọ sí odò. Iṣẹ́ èmi àti Àjọkẹ́ ni ká yọ kóró inú òwú, ká tú u lẹ́lẹ́, ká kó o sínú apẹ̀rẹ̀ kí Ìyá Àgbà lè ràn án. Àjọkẹ́ yára, èmi ń lọ́ra, ó sì máa ń jí lára tirẹ̀ bọ inú tèmi kí Ìyá Àgbà má baà rí i pé apẹ̀rẹ̀ mi kò kún. Ìyá Àgbà rí i o. Wọ́n kàn ń sọ pé, “Títí, òwú tìrẹ yìí mà jọ ti ẹ̀gbọ́n ẹ,” wọ́n á sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Ìrọ̀lẹ́ ni à ń jẹ púpúrú tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá, iyán sì di ti ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Òórùn òwú gbígbẹ, èéfín igi, àti ọ̀rá tí Ìyá Àgbà fi ń pa okùn òfì: bí wọ́n bá gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá síwájú mi lónìí, tí wọ́n di ojú mi, mà á mọ̀ pé ilé ni mo wà.

Ṣùgbọ́n ilé náà ti ṣẹ́ ku ẹ̀gbẹ́ kan láti ìgbà tí ìyá wa ti lọ. Inú rírun ló mú un, kò pẹ́ rárá. Bàbá wa ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì kánsù ní Ọ̀wọ̀, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gùn lọ tí wọ́n ń gùn bọ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọn ò pe orúkọ ìyá wa mọ́. Bí ẹnì kan bá pè é, wọ́n á dìde, wọ́n á lọ wo táyà kẹ̀kẹ́. Oko iṣu kan wà tí wọ́n ní ní Elegbeka, tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé tẹ́lẹ̀. Ó wá di pé gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń sùn síbẹ̀. Bí wọ́n bá sì wà nílé, ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ sí wa jẹun. Ọmọdé ni mí, mo rò pé àwa la ṣẹ̀ wọ́n. Mo ti wá sin ọkọ báyìí, mo ti wá mọ̀ pé ojú wa ló ń dùn wọ́n, nítorí ojú ìyá wa ni Àjọkẹ́ gbé.

Ibà ló bẹ̀rẹ̀ bí eré. Àjọkẹ́ ní orí ń fọ́ òun, Ìyá Àgbà fún un ní àgbo, kò lọ. Ó di ọjọ́ kejì, ojú rẹ̀ ń yí. Bàbá wà ní Elegbeka. Ẹni tó ràn wá lọ́wọ́ ni Bàbá Rájí, télọ̀ tó ń rán aṣọ ilé ìwé ní àárín ìlú Ọ̀wọ̀. Mùsùlùmí ni wọ́n, ọ̀rẹ́ bàbá wa láti kékeré, wọ́n sì wá gba aṣọ òfì tí wọ́n bẹ Ìyá Àgbà níṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n dá ọkọ̀ kan dúró tó ń kó iṣu lọ sí Ọ̀wọ̀, wọ́n tẹ́ aṣọ òfì tuntun náà sórí iṣu, wọ́n gbé Àjọkẹ́ sí i, Ìyá Àgbà gòkè tẹ̀lé e. Wọ́n fi mí sílé. Nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò rí i, Ìyá Àgbà ló sọ ọ́. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, ara rẹ̀ ti tutù, àyà rẹ̀ kò sì lọ sókè lọ sílẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn fúnra wọn ti lọ sí gèlè láti tú u. Nọ́ọ̀sì kan ń tẹ àyà rẹ̀, kò dáwọ́ dúró, Ìyá Àgbà sì tẹ ẹnu mọ́ ọn létí, wọ́n ń kì í. Wọ́n ń kì í lọ, wọ́n ń kì í bọ̀, títí oríkì fi tán lẹ́nu wọn, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn ìdílé wa. Ó sín. Ó la ojú. Ó ní ebi ń pa òun.

Ìgbà tí ara rẹ̀ ti yá díẹ̀ ni ó sọ ọ́. Èmi àti ẹ̀ ń yọ kóró òwú ní òwúrọ̀, òfì ń dún lẹ́yìn wa, gbà, gbà. Kò gbé orí sókè. Ó ní, “Mo rí Màámi.”

Mo ní, “Níbo?”

“Níbi tí mo lọ.”

“Kí ni wọ́n ń ṣe?”

“Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà.” Ó ju kóró kan sílẹ̀. “Ibẹ̀ dà bí àgbàlá wa, ṣùgbọ́n kò sí adìẹ. Mo fẹ́ jókòó, wọ́n ní kí n má jókòó, pé ẹ̀wà ò tíì wọná, kí n máa lọ sílé. Wọ́n wá di etí mú báyìí. Wọ́n ní, ‘Èkejì dà?’”

Òfì dákẹ́. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i pé ọwọ́ Ìyá Àgbà ṣì wà nínú okùn, wọn ò fà á yọ. Wọ́n ní, “Àjọkẹ́, wá síbí. Jókòó. Sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, má fi nǹkan kan kún un nítorí pé inú mi ń dùn.” Àjọkẹ́ sọ ọ́ bó ti sọ fún mi, kò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá Àgbà wá bi í ní ìbéèrè tí mi ò gbàgbé títí di òní. Wọ́n ní, “Kí lo rí níbẹ̀ tí kò wù ọ́?” Àjọkẹ́ ní ibẹ̀ dákẹ́ jù. Ó ní kò sí adìẹ. Ó wá ní, “Wọn ò dìde kí mi, Ìyá Àgbà. Wọ́n kàn jókòó ti ẹ̀wà.” Ó bú sẹ́kún. Wọ́n jẹ́ kó sunkún tán, wọ́n fi etí aṣọ nù ún lójú, wọ́n ní, “Etí wo ni ìyá ẹ dì mú?” Àjọkẹ́ fọwọ́ kan etí ọ̀tún ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dúró, ó ronú. Ó dìde, ó lọ dúró síwájú wa, ó yíjú padà bí ìyá wa ṣe kọjú sí i níbẹ̀, ó tún gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ náà sì lọ sí etí òsì. Ó ní, “Èyí.”

Ìyá Àgbà wọ inú yàrá, wọ́n gbé agolo ìpara kékeré kan jáde. Yẹtí fàdákà kan ló wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Yẹtí tí bàbá rà fún ìyá wa ni, ìyá wa kì í bọ́ ọ àfi tó bá fẹ́ wẹ̀. Ìyá Àgbà wá sọ fún wa ohun tí wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní àgbàlá wa, bí wọ́n bá fẹ́ wẹ òkú, wọn kì í fi ohunkóhun tó so mọ́ ara sílẹ̀, òwú orí, ìlẹ̀kẹ̀, yẹtí, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tú, kí omi lè kan gbogbo ara, wọ́n á tún wá dá a padà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú òfì ni wọ́n ti wẹ ìyá wa. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá yẹtí padà, ọ̀kan ni wọ́n rí. Wọ́n wá èkejì títí, òjò ń ṣú, àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ ń pè, ni Ìyá Àgbà bá ní kí wọ́n máa gbé e lọ. Ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà kí wọ́n tó rí i nínú apẹ̀rẹ̀ òwú. Òwú ló gbé e mì. “Etí ọ̀tún ló ní tirẹ̀,” ni Ìyá Àgbà wí. “Etí òsì ló ṣófo.” Wọ́n wo Àjọkẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n sì dé agolo náà padà.

Nígbà tí bàbá dé láti Elegbeka, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ọ̀sán, àwọn àti Bàbá Rájí, Ìyá Àgbà sì wà nídìí òfì. Wọ́n ní kí àwa ọmọ lọ bẹ iṣu ní ẹ̀yìnkùlé. A lọ bẹ iṣu lẹ́yìn ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ gan-an, etí wa nílẹ̀ bí ti ajá. Bàbá ní, “Ibà ló bá a sọ̀rọ̀, Ìyá. Ẹni tí ibà mú, ohun tó bá fẹ́ rí ni yóò rí.”

Ìyá Àgbà ní, “Ohun tó fẹ́ rí kọ́ ló rí. Ohun tí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú fẹ́ rí ni pé kí ìyá rẹ̀ sáré wá gbá a mọ́ra. Ó ní kò dìde. Ẹni tó bá dé ọjà tí kò dé rí, bó bá bọ̀, á sọ ohun kan tó bí i nínú níbẹ̀, á sì sọ ohun kan tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò débẹ̀, ohun tó wúlò nìkan ni yóò máa sọ. Kí ni ọmọ yìí fẹ́ fi adìẹ ṣe?”

“Ọ̀rọ̀ yẹtí ńkọ́, Sámù?” Bàbá Rájí ló bèèrè.

Ohùn Bàbá wálẹ̀. “Kí wọ́n tó gbé ìyá wọn lọ sin, wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì fún àwọn èèyàn láti wò. Àjọkẹ́ dúró sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà, mo rí i. Etí kan ṣófo lójú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó kà á sí. Ojú ọmọdé lè rí ohun tí ọkàn rẹ̀ kò tíì kà, kí ibà wá kà á fún un.”

Mo dá ọ̀bẹ dúró lórí iṣu. Mo ń dúró kí Ìyá Àgbà já a nírọ́, nítorí Ìyá Àgbà kì í pàdánù ọ̀rọ̀ nínú ilé yẹn. Wọ́n ní, “Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.” Òfì dún lẹ́ẹ̀kan, gbà. “Ìdí nìyẹn tí mo fi bi í léèrè etí. Ẹni tí wọ́n sọ fún yóò ní etí òsì lójú ẹsẹ̀. Ọmọ yìí kọ́kọ́ ṣì í. Ẹni tó rí ojú èèyàn ní iwájú rẹ̀ ló ń ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ó rí ojú ìyá rẹ̀. Bóyá ọ̀run ló ti rí i, bóyá orí bẹ́ẹ̀dì ni, èmi ò lè wọ ibẹ̀ lọ wò.”

Bàbá Rájí ní, “Ẹ̀yin ẹ máa jà sí i. Bí ọmọ náà bá tún ń lọ, ẹ bá mi rán an kó wò ó bóyá télọ̀ kan wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé pẹ̀lú gbogbo ‘ẹ wá gbà á lọ́la’ tí à ń sọ fún àwọn èèyàn, kò sí télọ̀ tí yóò dé ibẹ̀.” Ìyá Àgbà ní, “Rájí, aṣọ mi tí o tẹ́ sórí iṣu ńkọ́? Ìyẹn náà ‘ẹ wá gbà á lọ́la’ ni?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá wa kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ bàbá bèèrè, ohùn wọn kò jọ tiwọn, “Ó ní ẹ̀wà ló ń ṣà?”

“Ẹ̀wà ni.”

“Dúpẹ́ kórìíra ẹ̀wà ṣíṣà. Èmi ni mo máa ń bá a ṣà á.” Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọn yóò pe orúkọ rẹ̀ nìyẹn. “Bí ibẹ̀ bá jẹ́ ọ̀run lóòótọ́, kí ló dé tí Dúpẹ́ á jókòó máa ṣa ẹ̀wà?”

Bàbá Rájí ní, “Bóyá ó ń dúró de ẹni tó máa ń bá a ṣà á.” Ní ọjọ́ náà bàbá wa kọjú sí wa jẹ iyán. Wọ́n mú ẹran inú àwo wọn, wọ́n fi sí ti Àjọkẹ́. Wọn ò gbà pé ó lọ sí ọ̀run o, títí wọ́n fi kú wọn ò gbà. Ṣùgbọ́n wọn ò sùn sí Elegbeka mọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ń pe orúkọ ìyá wa bí ẹni ń pe ẹni tó wà nínú yàrá.

Báwo wá ni wúrà ṣe wọ̀ ọ́? Mo mọ ọjọ́ tó wọ̀ ọ́. Ajíhìnrere kan wà nígbà náà tó ń jẹ́ Òjó, èèyàn dáadáa ni, agogo kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ nípa Àjọkẹ́, ó wá kí wa, ó jókòó sórí àga bàbá. Ìyá Àgbà ti kọ́ wa pé ọmọdé kì í wo ojú àgbà kó ní ‘rárá’. Bí o kò bá gbà, dákẹ́, bí wọ́n bá fẹ́ ìdáhùn, ‘bẹ́ẹ̀ ni, sà’ ni. Ajíhìnrere ní, “Ọmọ mi, ǹjẹ́ o rí ojú títì wúrà?” Àjọkẹ́ wò mí. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” “Áńgẹ́lì méjì ló mú ẹ lọ, àbí?” “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” “Aṣọ funfun ni ìyá rẹ wọ̀?” “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Nígbà tó fi máa lọ, odindi ìlú wúrà ti dúró sórí àgbàlá tí kò ní adìẹ yẹn. Ìyá Àgbà wá láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n gbọ́ apá tó gbẹ̀yìn, wọ́n sì di orí mú. Lẹ́yìn tí àlejò lọ, wọ́n ní, “Èmi ni mo kó wúrà wọ ọ̀run. Ẹ̀kọ́ ilé tí mo kọ́ yín ni.” Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń mú un kiri láti jẹ́rìí, ní Ọ̀wọ̀, ní àwọn ìlú òpópónà Àkúrẹ́ sí Benin, nígbà tó wà lọ́mọge, nígbà tó bímọ. Kì í ṣe òpùrọ́. Ẹni tí wọ́n bá ti ń bi ní ìbéèrè kan náà láti kékeré, tí inú wọn ń dùn sí ìdáhùn kan náà, ìgbà yóò dé tí yóò máa rí ohun tí wọ́n ń bi í. Mo ti ń gbọ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lórí fóònù àwọn ọmọ báyìí, ẹni yìí lọ sí ọ̀run, ẹni tọ̀hún lọ, wọ́n á ka àwọn ìlú wúrà sílẹ̀. Mi ò bú wọn. Mo kàn máa ń dúró de ìgbà tí wọn yóò sọ ohun kan tí kò wù wọ́n níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kì í sọ ọ́.

Ìyá Àgbà fún Àjọkẹ́ ní agolo náà kí wọ́n tó kú. Wọ́n ní, “Ìwọ ni ìyá ẹ bi léèrè. Ìwọ ni kí o dá a lóhùn.” Ní ìgbà tí àìsàn tó mú un lọ yìí ń le, mo máa ń gun ọ̀kadà lọ bá a ní Iyere, ọmọ tó ń gbé mi máa ń rọra gun òkè fún mi nítorí ẹ̀yìn mi. Ní ọjọ́ kan tí ó jẹun díẹ̀, mo bi í. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, wúrà ńkọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ àtijọ́. “Ìwọ náà wà níbẹ̀. Ṣebí wọ́n bi mí ni.”

“Adìẹ ńkọ́?”

“Kò sí adìẹ.” Ẹ̀rín náà lọ. Ó yíjú sí ògiri ibi tí òfì wà tẹ́lẹ̀. “Títí, mo ti di ìyá ìyá, ó ṣì ń dùn mí pé wọn ò dìde kí mi.” Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ó ní, “Agolo yẹn wà lábẹ́ àwọn aṣọ mi. Má jẹ́ kí Fúnmi gbé e jù nù, yóò rò pé ìpara ni.”

Fúnmi pè mí nígbà tí wọ́n fẹ́ múra fún un. Wọ́n ti ra yẹtí wúrà tuntun, mo ní kí wọ́n wọ̀ ọ́ fún un, méjèèjì, mo sì dúró tì wọ́n títí méjèèjì fi wọlé dáadáa. Mo wá ṣí agolo. Mo la ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo fi yẹtí fàdákà náà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, mo pa ìka rẹ̀ dé.

Fúnmi ní, “Àǹtí Títí, ta ló ni ìyẹn?”

“Ìyá wa ló ni ín. Wọ́n ti béèrè rẹ̀.”

“Ṣé ẹ gbà gbọ́ nígbà náà, mà?”

Mo ní, “Bí wọ́n bá wà níbẹ̀, yóò fún wọn. Bí wọn ò bá sí níbẹ̀, yẹtí kan ṣoṣo, kò sí ibi tí mo fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ láyé yìí.” Fúnmi tún ìka ìyá rẹ̀ pa, kó lè le, bí a ṣe ń pa ọwọ́ ọmọ tí a fẹ́ rán níṣẹ́ sọ́jà.

Wọ́n fi ohùn náà sí sípíkà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wúrà, áńgẹ́lì, gbogbo rẹ̀. Pásítọ̀ gbé máìkì wá bá mi níbi tí mo jókòó. Mo dìde. Mo ní èmi ò lè sọ̀rọ̀ nípa wúrà, nítorí lẹ́yìn ọjọ́ náà ni wúrà dé. Mo ní ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo lè jẹ́rìí sí, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi í. Ó rí ìyá wa. Ìyá wa ń ṣa ẹ̀wà. Kò sí adìẹ níbẹ̀, ibẹ̀ sì dákẹ́. Ìyá wa kò dìde kí i nígbà náà, nítorí kò tíì tó àkókò rẹ̀. Mo ní mo gbàdúrà pé kí ó dìde lónìí. Mo jókòó. Àwọn èèyàn kò ṣe Halelúyà. Ní ẹ̀yìn, obìnrin kan tí mi ò mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún jẹ́jẹ́, Fúnmi sì wá jókòó tì mí.

A sin Àjọkẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ilé wa ní Iyere, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wa.